Ẹ́ńjìnnì Boxer 150 nínú ọkọ̀ tí mo ń kàn fúnra mi: ṣé yóò lè fà á?

ỌmọPákátà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń kan ọkọ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé wa ní Pákátà, nílùú Ìlọrin. Oníjókòó méjì ni, kò ní òrùlé, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń rà ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ inú páálí tí wọ́n á sì tò ó pọ̀ nílé. Tèmi kò ti inú páálí wá o. Páìpù onígun mẹ́rin ni mo fi jó férémù rẹ̀. Sítíárìn àti ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì jẹ́ ti ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí wọ́n tú palẹ̀. Ẹ̀yìn ló kù.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ọ̀kadà Boxer 150 tí iwájú rẹ̀ ti run nínú ìjàǹbá. Ó ní kí n máa gbé e lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní àbùkù, kíkì kan báyìí ó ti dáhùn. Mo ṣírò pé bí mo bá parí gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ yìí kò ní ju 300 kílò lọ kí èèyàn tó wọ inú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: ṣé 150 yóò lè fà á? Báwo ni ṣéènì kan ṣoṣo ṣe máa yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì? Rìfáàsì wá ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Àwọn ará àdúgbò ti ṣe ìyẹn tó.

Ẹlẹ́fẹ̀ Sàngó

Bí kò bá fà á, so ó mọ́ ẹṣin. Ẹṣin ò wọ́n nílùú wa. Dúró di ọjọ́ Durbar kí o ṣa èyí tó bá wù ọ́.

Tísà Òmù-Àrán

Àbúrò, fi Ẹlẹ́fẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìbéèrè mẹ́ta tí o bi, ti àkọ́kọ́ ló rọrùn jù.

Lọ́dún 1955, BMW ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Isetta. Imú rẹ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn. Ọwọ́ àwọn ará Ítálì ni wọ́n ti gba iṣẹ́ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì alùpùpù tiwọn ni wọ́n fi sínú rẹ̀: písítìn kan ṣoṣo, 247 cc (ìwọ̀n bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), 12 hp (ìwọ̀n agbára rẹ̀). Ọkọ̀ ọ̀hún wúwo tó nǹkan bí 350 kílò, ó sì ń sá dé 85 kìlómítà ní wákàtí kan. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní 160,000. Boxer tìrẹ náà, nǹkan bí 12 hp náà ni. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé 12 hp kò lè gbé èèyàn méjì, sọ fún un pé ó ti gbé wọn rí.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé Isetta ti ń yọ 12 hp rẹ̀ jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 5,800 ní ìṣẹ́jú kan. Boxer á ké dé 7,500 kó tó yọ tirẹ̀. Bí o bá wá fi gíà ńlá rọra ń gun òkè, o ò ní bá agbára kankan níbẹ̀. O ní láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí dáadáa, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì máa yí díẹ̀.

Táyà àti sprocket, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń wọ̀, ni wàá fi ṣe é. Táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà ga tó nǹkan bí 60 cm. Ti Márúwá, ìyẹn 4.00-8, ga tó nǹkan bí 41 cm. Táyà kékeré yẹn nìkan, láìfọwọ́ kan ohun mìíràn, á fi nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 kún fífà rẹ̀. Ká wá ní sprocket iwájú rẹ ní eyín 14, tẹ̀yìn ní 42: mẹ́ta sí ọ̀kan nìyẹn. Bí o bá rí ti ẹ̀yìn tó ní 56, ó di mẹ́rin sí ọ̀kan. Ọ̀kadà tó ń sá 90 tẹ́lẹ̀ á wá di ọkọ̀ tó ń sá nǹkan bí 46. Ní Táńkẹ̀, 46 tó. Lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, àwọn onítírélà á máa fun fèrè lé ọ lẹ́yìn.

Alfa Márúwá

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń ṣe nílùú Ìlọrin, ọ̀kadà ni mo sì fi kọ́ṣẹ́. Ohun tí Tísà sọ dára, àmọ́ hp kọ́ ló máa kọ́kọ́ dà ọ́ láàmú.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí èèyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ń dá ṣe, ẹni tó gùn ún àti atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń bá a ṣe é. Ẹ wo àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí ọrùn ẹ́ńjìnnì náà ká. Atẹ́gùn tó ń gba àárín wọn kọjá ni radiétọ̀ rẹ̀. Gbé e sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tàbí sẹ́yìn ìjókòó níbi tí atẹ́gùn ò dé, kó o wá rìn díẹ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta. Á kọ́kọ́ máa dún ṣaṣaṣa lókè nígbà tí o bá ń fún un níná. Lẹ́yìn náà wàá pa kọ́kọ́rọ́, kò ní kú, á ṣì máa yí fúnra rẹ̀ nítorí pé inú rẹ̀ ti gbóná débi pé epo ń gbiná láìdúró de púlọ́ọ̀gì. Tó bá débẹ̀, orí gásíkẹ́ẹ̀tì ló kù. Márúwá kò ní ìṣòro yìí: fáànù wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, páànù sì bo ọrùn ẹ́ńjìnnì kí atẹ́gùn fáànù má baà ṣá lọ. Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

Ó tún kan kílọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣe ti Boxer fún ọ̀kadà tó wúwo tó nǹkan bí 120 kílò àti èèyàn méjì lórí rẹ̀. Ìwọ fẹ́ fi gbé 300 kílò àti èèyàn méjì. Bí o bá dúró lórí òkè tí o ń fi kílọ́ọ̀ṣì gbé ọkọ̀ dúró báwọn onímọ́tò ti máa ń ṣe, díẹ̀díẹ̀ ni wàá máa jó àwọn awo inú rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà ni kílọ́ọ̀ṣì yìí ń wẹ̀ nínú rẹ̀, torí náà má lọ da ọ́ìlì mọ́tò tuntun tó fẹ́lẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èròjà tó ń mú kí irin yọ̀ dáadáa. Mọ́tò ń fẹ́ ìyẹn, àmọ́ kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wo ara ike, kó o rí JASO MA, ìyẹn àmì ọ́ìlì tó bá irú kílọ́ọ̀ṣì yìí mu.

Ìmọ̀ràn tèmi: ta Boxer yẹn, kó o fowó ra ẹ́ńjìnnì Márúwá. Nǹkan bí 200 cc ni, hp rẹ̀ kò ju ti Boxer lọ ṣùgbọ́n ó ń fà láti ìsàlẹ̀. Ó ní fáànù, ó ní rìfáàsì, ó ní dífúrẹ́ńṣà tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan lè yí ju èkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀pá méjì ló sì jáde lára rẹ̀ sí ẹsẹ̀ méjì. Ìbéèrè rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti parí síbẹ̀.

ỌmọPákátà

Alfa, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni Boxer yìí, èmi àti owó ò sì tíì bára wa ṣọ̀rẹ́. Ká má parọ́, bí mo bá fi ẹ́ńjìnnì Márúwá sí i, Márúwá ni mo kàn yẹn. Ṣé mi ò lè ra gíà àti dífúrẹ́ńṣà Márúwá nìkan, kí n fi ṣéènì Boxer fà á?

Alfa Márúwá

Kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Inú ilé irin kan náà ni ẹ́ńjìnnì, gíà àti dífúrẹ́ńṣà rẹ̀ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Málété

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí a ń sọ̀rọ̀ Boxer? Ní ìlú òyìnbó, ẹ́ńjìnnì alùpùpù Suzuki Hayabusa ni wọ́n ń fi sínú irú ọkọ̀ yìí. 1,299 cc! Westfield ta èyí tí wọ́n pè ní Megabusa. Radical tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1997, ẹ́ńjìnnì alùpùpù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ eré ìje wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá ara wọn díje nínú Formula SAE, ẹ́ńjìnnì alùpùpù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, òfin kàn ní kó má ju 710 cc lọ. Bí ẹ̀gbọ́n yìí bá lè dúró, kó wá Hayabusa tó ti kọlu nǹkan l'Ékòó.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà

Kó dúró títí dìgbà wo? Ọmọ yìí ní òun ò lówó Márúwá, o ní kó lọ ra Hayabusa.

Tísà Òmù-Àrán

Màmá, ẹ kú ọjà o.

Akẹ́kọ̀ọ́, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń pa àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn tí wọn kì í fi sínú fídíò. Alùpùpù máa ń fẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá ń gba kọ́nà. Ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ pé ọ̀nà ti yí. Ìsàlẹ̀ ṣì ni ìsàlẹ̀ lójú tirẹ̀. Mọ́tò kì í fẹ̀gbẹ́. Bí o bá fi eré gba kọ́nà, ọ́ìlì á ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi ẹnu pọ́ǹpù sílẹ̀ lófìfo, pọ́ǹpù á sì máa fa atẹ́gùn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti jẹ bíárìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jó irin pẹlẹbẹ sínú àwo ọ́ìlì láti dínà fún un, tàbí kí wọ́n gbé táńkì ọ́ìlì kúrò lábẹ́ ẹ́ńjìnnì pátápátá, kí pọ́ǹpù mìíràn máa fà á. Owó ńlá nìyẹn.

ỌmọPákátà, tìrẹ kò ní sáré dé ibi tí ìyẹn ti máa pa á. Ṣáà má jẹ́ kí ọ́ìlì lọ sílẹ̀ ju àmì lọ, kí o sì gbé ẹ́ńjìnnì náà dúró bó ṣe dúró lára ọ̀kadà gan-an. Má tẹ̀ ẹ́ síwájú, má fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ torí kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè rẹlẹ̀.

Wẹ́dà Òkè-Odò

Iṣẹ́ iná ni tèmi, n ò mọ̀ nípa hp. Ọ̀rọ̀ ṣéènì ni mo fẹ́ sọ, torí mo ti bá àwọn ọmọ iléèwé jó irú nǹkan báyìí.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀kadà. Apá irin méjì tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, bóòtù kan ló so wọ́n mọ́ férémù, bóòtù yẹn sì wà nítòsí sprocket iwájú. Bí ẹsẹ̀ bá ń fò sókè sódò, orí bóòtù yẹn ló ti ń yí, kì í jìnnà sí ẹ́ńjìnnì kì í sì í sún mọ́ ọn ju bó ṣe wà lọ. Ṣéènì ò ní le, kò sì ní dẹ̀. Nínú mọ́tò tí axle, ìyẹn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, wà lórí sípírín, tí ẹ́ńjìnnì jókòó sára férémù, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wọ kòtò, ṣéènì á le. Bó bá jáde, á dẹ̀. Èyí tó bá le á máa fa bíárìn gíà títí á fi ya. Èyí tó bá dẹ̀ á bọ́, ibi tó bá bọ́ sí, ara ilé ẹ́ńjìnnì ni á fi lù. Mo ti rí ibi tó ti lù ú lu.

Torí náà, yálà kó o kó ẹ́ńjìnnì àti axle sórí férémù kékeré kan náà kí wọ́n jọ máa fò, tàbí kó o má fi sípírín sẹ́yìn rárá. Èyí kejì yẹn, ìdí rẹ á jẹ́rìí sí i ní àwọn ọ̀nà inú Pákátà yẹn.

Ẹ́ńjìnnì onípísítìn kan máa ń gbọ̀n gan-an. Bí páìpù rẹ bá jẹ́ 25 mm tó nípọn 1.5 mm, má kàn lu ihò sí i kí o ki bóòtù bọ̀ ọ́. Bí o bá ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ni ẹ̀gbẹ́ páìpù méjèèjì á máa súnmọ́ra wọn, nọ́ọ̀tì á dẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wàá tún fún un, á tún dẹ̀, títí páìpù á fi sán. Lu ihò náà tóbi, ki páìpù kékeré tó nípọn gba inú rẹ̀ kọjá, jó o lójú méjèèjì, kí bóòtù wá gba inú ìyẹn.

ỌmọPákátà

Wẹ́dà, ẹ ṣeun, páìpù 25 mm náà ni. Lórí ṣéènì yẹn, ẹnì kan ní kí n má fi fa ẹsẹ̀ méjèèjì, kí n fi fa ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, kí tòsì máa tẹ̀lé e. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Tísà Òmù-Àrán

Ó ṣeé ṣe. Nígbà tó o bá fún un níná, ọkọ̀ á fẹ́ yà sósì. Nígbà tó o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Tí ọ̀tún bá wọ yanrìn, ọkọ̀ dúró. Ní oko, èèyàn lè fara dà á.

Bó o bá wá so ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọ̀pá kan ṣoṣo bíi ti go-kart, wọ́n á máa yí dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Lórí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kò burú. Lórí ọ̀dà, ẹsẹ̀ ti ìta ní láti rìn ju ti inú lọ nígbà tó o bá yà, kò sì ní àyè láti rìn ín, torí náà ọkọ̀ á máa fẹ́ lọ tààrà nígbà tí ìwọ ń yí sítíárìn, táyà á sì máa jẹ. Isetta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, irú rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ méjì lẹ́yìn kò ní dífúrẹ́ńṣà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, wọn ò jìnnà síra ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ, nítorí náà ìyàtọ̀ ìrìn wọn kò tó nǹkan. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tìrẹ ti fẹ̀ jù fún ìyẹn.

Ní ti rìfáàsì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ìgbádùn. Messerschmitt KR200, ti Jámánì náà, 1955 náà, kò ní gíà rìfáàsì rárá. Wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á tún un ṣí kó máa yí sẹ́yìn, gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì di rìfáàsì. Ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, tí kò ní fáàfù, ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Boxer ní fáàfù. Bí o bá yí i sẹ́yìn, kò ní jó epo.

Ẹlẹ́fẹ̀ Sàngó

Gíà mẹ́rin sẹ́yìn? Ẹni tó bá gbàgbé nǹkan sílé ló ṣe ọkọ̀ yẹn.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, mo ní kí n jẹ́ kí ẹ sọ tẹnu yín tán. Páàtì ọ̀kadà àti ti kẹ̀kẹ́ ni mò ń tà l'Ọ́fà níbí. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ akérò. Kí ló ṣe kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, èyí tó ní pákó lẹ́yìn, tí wọ́n fi ń ru sìmẹ́ńtì àti omi inú ike?

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀kadà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju 150 tàbí 200 lọ. Ọ̀pá ló ń gbé agbára rẹ̀ lọ sẹ́yìn, kì í ṣe ṣéènì. Axle ẹ̀yìn rẹ̀ dá dúró, dífúrẹ́ńṣà wà láàárín rẹ̀, ilé búréèkì wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Rìfáàsì rẹ̀ sì jẹ́ àpótí gíà kékeré kan, o lè rí èyí tó dá dúró rà. Sìmẹ́ńtì ló ń rù, ṣé èèyàn méjì ni kò ní rù?

Axle bẹ́ẹ̀ máa ń kù nílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti bàjẹ́ tí férémù sì ti jẹrà. Ìyẹn lo máa wá. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa sọ láìṣẹ́jú: ìwé ẹ́ńjìnnì Boxer yẹn ńkọ́? Gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, kó sì kọ ìwé pé òun ló gbé e fún ọ. Nọ́ńbà wà lára ẹ́ńjìnnì, ọ̀kadà tí wọ́n jí sì pọ̀ tó ń di páàtì. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá bi ọ́, "ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi" kò ní tó.

Alfa Márúwá

Ìyá Ìbejì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo gbà, ó dára ju tèmi lọ fún ẹni tó ti ní Boxer nílẹ̀.

Àmọ́ gbọ́ bí wàá ṣe gbé e jókòó. Lára ọ̀kadà, sprocket wà lápá òsì, ó ń yí ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pá kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, láti iwájú lọ sẹ́yìn ló nà. Nítorí náà yí ẹ́ńjìnnì padà kí apá òsì rẹ̀ kọjú sẹ́yìn ọkọ̀. Ojú rẹ̀, níbi tí sàlẹ́ńsà ti jáde, á wá kọjú sápá òsì ọkọ̀. Bí o bá gbé e jókòó lódì, tí apá òsì rẹ̀ kọ iwájú, ọ̀pá á máa yí lódì, gbogbo gíà rẹ á wá di rìfáàsì. Kó o tó jó ohunkóhun pa, yọ púlọ́ọ̀gì, gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ki í sí gíà kan, kó o fi kíkì yí i, kó o fojú ara rẹ rí ibi tí ẹsẹ̀ ń yí sí.

Tó o bá ti yí i bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn iwájú ò ní bá ojú ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni á máa bá. Fi páànù ṣe ọ̀nà fún un kó lè dé ọrùn ẹ́ńjìnnì, kí o sì fi fáànù kékeré tó ń lo bátìrì sí i fún ìgbà tí o bá dúró nínú gosíló.

Tísà Òmù-Àrán

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gbé Hayabusa sínú àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn wà níwájú: wọ́n á yí i, wọ́n á yọ sprocket, wọ́n á so ọ̀pá mọ́ ojú ibẹ̀. Àbúrò mi ti Málété, ẹ̀kọ́ tìrẹ kò ṣòfò.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti yí ẹ́ńjìnnì, ìgbà búréèkì ni ọ́ìlì á máa ya sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì báyìí, kì í ṣe ìgbà kọ́nà. Fi í sọ́kàn. Bí o bá sì rí axle náà, fi ọwọ́ yí ojú ọ̀pá rẹ̀, kí o ka iye ìgbà tó yí kí ẹsẹ̀ méjèèjì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Iye yẹn ló máa rọ́pò mẹ́ta sí ọ̀kan tàbí mẹ́rin sí ọ̀kan tí a ti ń ṣírò. Táyà rẹ̀ máa ń tóbi ju ti Márúwá lọ, nítorí náà má ra axle tí iye rẹ̀ kéré.

Wẹ́dà Òkè-Odò

Ọ̀rọ̀ ṣéènì ti parí nìyẹn, ara tù mí. Ẹ́ńjìnnì àti àpótí rìfáàsì á wà lára férémù, wọn ò ní mira. Ọ̀pá tó ní oríkèé lójú méjèèjì ni á máa bá axle fò.

Ibi tó o so ọ̀pá mọ́ ẹ́ńjìnnì ni kó o ṣọ́ra sí. Gé eyín sprocket àtijọ́ dànù, fi àárín rẹ̀ tó ń wọ ọ̀pá gíà sílẹ̀, ìyẹn ni a ó jó mọ́ ojú ọ̀pá tuntun. Má ṣe fojú wọ̀n ọ́n. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì kó tó di pé a jó o, kó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí a bá jó o tán. Bó bá fi bíńtín yẹ̀ kúrò láàárín, ọkọ̀ á máa gbọ̀n láti 30 lọ sókè, wàá sì máa bínú sí ẹ́ńjìnnì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bẹ́ńdì páìpù kan yí ọ̀pá náà ká lábẹ́ ìjókòó kí ó má baà gún ọ bó bá já.

Ọmọ Ìgbómìnà

Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó máa gbé e dé Òró lọ́la. FRSC ló ń ṣe nọ́ńbà ọkọ̀, VIO ló ń wo bóyá ọkọ̀ yẹ lójú títì. Ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà ṣáásí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀kadà, tí axle rẹ̀ jẹ́ ti kẹ̀kẹ́, ìwé wo ló máa fi hàn wọ́n ní Gánmọ̀?

ỌmọPákátà

Ẹ̀gbọ́n, oko bàbá wa lọ́nà Ìdòfìàn ni màá ti wà á. Ọ̀rọ̀ ìwé, tó bá yá.

Tísà Òmù-Àrán

Ó bọ́gbọ́n mu. Àwọn òyìnbó pàápàá, owó orí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ inú páálí tà. Nígbà tí Lotus, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé ọkọ̀ inú páálí tí wọ́n pè ní Seven jáde lọ́dún 1957, owó orí wà lórí ọkọ̀ tó bá ti parí, kò sí lórí èyí tó ṣì wà ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Lọ́dún 1973 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yí òfin owó orí yẹn padà, ọdún yẹn náà ni Lotus gbé iṣẹ́ Seven fún ilé iṣẹ́ Caterham.

Alfa Márúwá

Nǹkan kéékèèké tí wàá bá pàdé, kí n sọ wọ́n kí n máa lọ kírun.

Okùn kílọ́ọ̀ṣì Boxer kì í rìn púpọ̀, ìka ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹsẹ̀ lágbára jù ú lọ. Jó irin kan sábẹ́ pẹ́dà tó máa dá ẹsẹ̀ dúró níbi tí kílọ́ọ̀ṣì bá ti yọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ o máa já okùn lójoojúmọ́. Gíà ọ̀kadà, títò ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, o ò lè fo láti orí mẹ́rin bọ́ sórí ọ̀kan. Torí náà ọ̀pá gíà tó ń lọ síwá sẹ́yìn lásán ti tó, má wulẹ̀ ṣe èyí tó ń yà sọ́tùn-ún sósì. Táńkì ọ̀kadà wà lókè kàbùrétọ̀, epo ń fúnra rẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Bí o bá gbé táńkì sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó, ọkọ̀ á ṣíná, á rìn díẹ̀, á kú, wàá sì máa tú kàbùrétọ̀ láìnídìí. Gbé táńkì sókè tàbí kó o ra pọ́ǹpù kékeré. Má jẹ́ kí táńkì àti sàlẹ́ńsà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà.

Búréèkì axle yẹn, ti ẹ̀yìn nìkan ni. Ti iwájú gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń kan nǹkan báyìí, ariwo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́.

ỌmọPákátà

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Axle kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni màá wá. Ìyá Ìbejì, ṣé mo lè wá bá yín l'Ọ́fà lópin ọ̀sẹ̀ yìí?

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà

Wá lọ́jọ́ Sátidé, má wá lọ́sàn-án tí ọjà ti kún. Méjì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tí mo mọ̀, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Wọn ìbú ẹ̀yìn férémù rẹ kó o tó kúrò nílé, kó o sì ka iye ihò nọ́ọ̀tì tó wà lára rímù tí o fẹ́ lò. Gbé rímù kan dání tó bá ṣeé ṣe.